Iná Ọ̀gá Odùfúwà

Ní Òkè-Àgbò, n'Ìjẹ̀bú-Igbó,
ọ̀gá mi gbé àpótí kan sílẹ̀ níwájú mi,
ó fi etí bùbá nu eruku orí rẹ̀.
Fúláàṣì ni. Ó wúwo bí ọmọ ọlọ.
"Gbà," ó ní.
"Nínú gbogbo àwọn tí mo kọ́, ìwọ nìkan ló ṣì ń ya fọ́tò."

Mo wo ẹsẹ̀ irin tó yẹ kó wọ orí kámẹ́rà.
Mo rántí Adékọ̀yà ní Ṣágámù,
tó gbé irú iná àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ka orí kámẹ́rà òde òní:
ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kọ mànà,
ojú kámẹ́rà ṣú, kò sì là mọ́ dòní.
Kámẹ́rà fíìmù ò bẹ̀rù rẹ̀.
Irin lásán ni, kò ní ọpọlọ tó lè jó.
Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún àgbà
pé ẹ̀bùn rẹ̀ lè pa nǹkan?

Mo ti ra tèmi. Àlòkù ni.
Mo ná an títí òǹtajà fi bi mí bóyá ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ó mí kanlẹ̀, ó fi bátìrì mẹ́rin lé e.
Ọrùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò, bóyá ó ń yí.
Nítorí iná tó kọjú síni gan-an bí ẹni wá sin gbèsè
a máa sọ iwájú orí di àwo tánńganran,
a máa lẹ òjìji mọ́ ògiri lẹ́yìn ìyàwó
bí olè tó ń dúró de ọ̀gànjọ́.
Yí i sókè.
Jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ kí àjà ilé,
kó rọ̀ níbẹ̀, kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá sójú èèyàn.
Àjà funfun ni mo ń sọ o.
Ti àwọn Ọ̀nàfowókàn, àwọ̀ ewé ni;
gbogbo ẹbí jáde bí ẹni ibà pọ́njú ń ṣe.
Mo dá ìdajì owó wọn padà.
Ó dùn mí wọ egungun.

Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá.
Ó dákẹ́. Ó yí àpótí náà lẹ́ẹ̀mejì lórí orúnkún.
"Ṣé dandan ni kí wọ́n fara kanra?"

Ó ti fèrèsé. NẸ́PÀ ti bá wa pa èyí tó kù.
"Gbé tìrẹ lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.
Ṣí ojú rẹ̀, má pa á dé títí n ó fi sọ̀rọ̀."
Ìyá Ẹfúnyẹmí, ìyàwó rẹ̀, wà lórí àpótí ìjókòó,
ó ń bó ẹ̀gúsí nínú òkùnkùn,
ó ń ráhùn pé òun ò tíì wé gèlè.
"Jókòó jẹ́ẹ́," ọ̀gá ní,
ohùn tó fi ń bá gbogbo ìlú wí nígbà kan.

Mo gbọ́ tí iná náà ń kùn yìn-ìn-ìn,
bí yànmùyánmú tó ń wá etí.
Mo gbọ́ sálúbàtà rẹ̀ ń wọ́ lọ sí apá òsì.
Ó tẹ bọ́tìnnì. Yàrá là, ó padà kú.
Sálúbàtà tún wọ́. Apá ọ̀tún. Ó là.
Lẹ́yìn ìyá, nísàlẹ̀, kí etí gèlè tí kò sí lè tàn.
Ẹ̀kẹrin, n kò mọ ibi tó dúró.
"Pa á dé."

A tẹ orí bo ojú kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà.
Ìyá rèé, ó ń dán bí epo tuntun,
èèpo ẹ̀gúsí kan wà lórí ètè rẹ̀.
Lẹ́bàá ògiri, ìdajì ọkùnrin kan,
ìgbọ̀nwọ́, etí bùbá, etí kan,
iná tirẹ̀ ló mú un láìròtẹ́lẹ̀.

"Ìyẹn bà á jẹ́," ọ̀gá wí. "Tún un yà."
Mo ní bátìrì ti kú.
Kò tíì kú.